Skírìnì Ló Ń Jí Kẹ́yìn

Èrò kan ti fìdí kalẹ̀ láàárín àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà nílé, ó sì ti ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi àtúnṣe kọ̀ǹpútà jẹun. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá to kọ̀ǹpútà tuntun tán, tó tẹ bọ́tìnnì, tí fáànù ń yí, tí iná oríṣiríṣi àwọ̀ ń tàn yòò nínú késìǹgì, ṣùgbọ́n tí ojú mọ́nítọ̀ ṣú biribiri, ara kọ̀ǹpútà náà le koko. Ohun tó kan àwòrán nìkan ló bàjẹ́: bí kì í bá ṣe mọ́nítọ̀, a jẹ́ pé káàdì gíráfíìsì ni. Ìdájọ́ yìí yá lẹ́nu, ó sì ń náni lówó, torí káàdì gíráfíìsì ló sábà máa ń wọ́n jù nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò fún géèmù. Ẹsẹ̀ méjì ló fi dúró, méjèèjì ló sì yẹ̀. Fáànù tó ń yí kò jẹ́rìí sí ohun tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn ojú mọ́nítọ̀ kò fi dandan jẹ́ ẹ̀bi mọ́nítọ̀ tàbí ti káàdì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì títí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù fi máa yọ lójú mọ́nítọ̀. Bọ́tìnnì yẹn kì í tan iná fúnra rẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń gbọ́ ọ, òun ló sì ń fi wáyà kan ránṣẹ́ sí pawa páàkì pé kó dìde. Pawa páàkì á wá gbé fóòtì 12, fóòtì 5 àti fóòtì 3.3 jáde. Ibí yìí gan-an ni fáànù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, torí fóòtì 12 nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Kò bi prósẹ́sọ̀ léèrè bóyá ó ti jí, kò sì bi RAM. Lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ńdì 100 sí 500, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ATX ṣe là á kalẹ̀, pawa páàkì á fi àmì mìíràn ránṣẹ́ pé iná òun ti dúró dáadáa. Ìgbà náà ni mọ́dábọ́ọ̀dù tó gbà kí prósẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí prósẹ́sọ̀ sì kọ́kọ́ ń ṣe kò kan àwòrán rárá. Prósẹ́sọ̀ Intel á lọ ka àṣẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti inú BIOS, ìyẹn ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ní ojú kan tó jẹ́ báìtì 16 péré sí òpin gígábáìtì kẹrin. RAM kò tíì ṣeé lò ní àkókò yẹn, nítorí náà BIOS á fi ìwọ̀nba àyè ìrántí tó wà nínú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ti AMD tilẹ̀ tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn Ryzen, prósẹ́sọ̀ kékeré kan wà nínú prósẹ́sọ̀ ńlá, irú èyí tí ARM ṣe ètò rẹ̀. Òun ló ń jí ṣáájú, òun ló ń to RAM, kí ó tó jẹ́ kí àwọn ńlá yòókù mí. Nígbà tí RAM bá ti gbọ́ràn tán ni BIOS tó máa bọ́ sí àwọn ihò PCIe láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá rí káàdì gíráfíìsì, á gba ètò kékeré kan tó wà lára káàdì náà, á fi í sẹ́nu iṣẹ́, káàdì á wá wá mọ́nítọ̀ kiri lẹ́nu àwọn kébù rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ojú mọ́nítọ̀ tó máa mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ibikíbi tí iṣẹ́ bá ti dúró ṣáájú káàdì, ojú kan náà ni a máa rí. Pawa páàkì tí kò dúró dáadáa, prósẹ́sọ̀ tí iná kò dé, RAM tí kò wọlé tán, BIOS tí kò mọ prósẹ́sọ̀ tuntun, gbogbo wọn ló ń bọ́ sí òkùnkùn kan náà. Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn bi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ibi tó rìn dé. Ìbéèrè nípa ohun tó bàjẹ́ lè dúró ná, pàápàá nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, níbi tó ti lè jẹ́ pé kò sí ohun kan tó bàjẹ́ rárá. Ẹ̀yin tó ń sáré yọ SSD, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kò ní dísíìkì kankan ṣì máa ń gbé ojú BIOS jáde, Windows tí ẹ kò tíì fi sí i kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Èrò tí mò ń tako yìí kò ṣàdédé hù. Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ìrìn iná inú rẹ̀ kúrú. Kébù méjì tí wọ́n ń pè ní P8 àti P9 ló ń gbé iná láti pawa páàkì lọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ọ̀nà yẹn náà ni prósẹ́sọ̀ ń gbà jẹun. Fóòtì 5 ló ń lò, kò sí kébù mìíràn fún un. Káàdì àwòrán náà ń gba tirẹ̀ láti inú ihò tí wọ́n kì í bọ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà náà pé iná dé orí mọ́dábọ́ọ̀dù lè sọ pé iná dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ilé, kò sì ní ṣìnà púpọ̀. Síbẹ̀, IBM fúnra rẹ̀ kò fi ẹ̀rí sọ́wọ́ skírìnì nìkan. Ó fi sípíkà sínú ẹ̀rọ náà, pé bí kọ̀ǹpútà bá yẹ ara rẹ̀ wò tán tí ohun gbogbo pé, kó dún lẹ́ẹ̀kan ṣókí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀ kí àwòrán tó yọ, etí ni wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní kò tilẹ̀ gbé sípíkà yẹn wá mọ́, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ka èyí sí àdánù.

Intel gbé ìlànà ATX jáde ní 1995. Ní ọdún 2000, bí Pentium 4 ṣe ń bọ̀, wọ́n fi ohun kan kún un tó sọ ẹ̀rí fáànù di asán: kébù oníhò mẹ́rin kan tó dá dúró, tó ń gbé fóòtì 12 lọ fún prósẹ́sọ̀ nìkan. Ìṣirò ló fà á. Prósẹ́sọ̀ tó ń jẹ wáàtì 100 ní fóòtì 1.2 ń fa iná tó ju áḿpíà 80 lọ, irú iná bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé láti òkèèrè. Ó sàn kí wọ́n gbé e wá ní fóòtì 12, kí mọ́dábọ́ọ̀dù yí i padà sí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ prósẹ́sọ̀ gan-an. Lónìí, kébù yẹn ti di oníhò mẹ́jọ, mẹ́rin-mẹ́rin tó so mọ́ ara wọn, ẹnu rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní igun òkè lápá òsì mọ́dábọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ kì í fẹ́ dé tí a bá ti de bọ́ọ̀dù mọ́ késìǹgì. Ìyẹn ló ṣe rọrùn láti gbàgbé. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, kébù ńlá oníhò 24 ṣì ń gbé iná fún fáànù, fún iná aláràbarà, fún gbogbo ohun tó ń dán lójú, prósẹ́sọ̀ sì wà níbẹ̀ láìjẹun. Ẹni tó bá ń gbé ilé oníféèsì mẹ́ta mọ èyí dáadáa: gílóòbù pálọ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù ṣókùnkùn, kò sì sí ẹni tó máa torí bẹ́ẹ̀ sọ pé tẹlifíṣọ̀n ìyẹ̀wù ló bàjẹ́.

Kébù prósẹ́sọ̀ yìí ní ìkejì kan tó jọ ọ́. Kébù káàdì gíráfíìsì náà ní ihò mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́fà àti méjì ni wọ́n pín tirẹ̀ sí. Ibi tí fóòtì 12 wà lára ọ̀kan ni wáyà ilẹ̀ wà lára èkejì. Wọ́n gbẹ́ ẹnu wọn lọ́nà tí wọn kò fi ní wọ ara wọn, àfi bí ènìyàn bá fi agbára tì í, àwọn kan sì ń fi agbára tì í. Ẹni tó bá ra pawa páàkì tí kébù rẹ̀ ṣeé yọ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí ìlànà kan tó de ẹnu tó wọ inú pawa páàkì. Kébù ilé-iṣẹ́ kan lè wọ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn wẹ́kú, kó sì gbé iná gba ọ̀nà òdì, kó jó ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Èyí tó bá pawa páàkì wá nínú páálí nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ̀rí èké méjì mìíràn wà lórí ọ̀rọ̀ iná. Àkọ́kọ́ ni iná kékeré tó ń tàn lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Pawa páàkì ń gbé fóòtì 5 kan jáde nígbà gbogbo tó bá ti wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ìbáà tiẹ̀ wà ní pípa. Iná yẹn kò sọ ju pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni kí wọ́n fi wáyà so píìnì aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú lẹ́nu kébù oníhò 24, kí fáànù pawa páàkì yí, kí wọ́n ní ó dára. Ó jí ni wọ́n rí. Wọn kò tíì gbé ẹrù lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú yóò gbé mítà, yóò wò ó bóyá fóòtì kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sódò nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ní ti pawa páàkì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ti àtijọ́ ní súìṣì pupa kékeré kan tó ń yan 115 tàbí 230. Bó bá wà lórí 115 tí ẹ sì fi í sí iná Nàìjíríà, ìró ni ẹ máa gbọ́, ẹ kò ní nílò àyẹ̀wò kankan mọ́.

Ibi tí èrò àṣìṣe yìí ti ń pa àwọn olùtò tuntun lára jù lọ lónìí ni RAM. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, AMD gbé Ryzen 7000 jáde pẹ̀lú ihò prósẹ́sọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní AM5, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR5 nìkan ló sì ń gbà. DDR5 yára débi pé RAM tí wọ́n kọ 6000 sí lára ń fi ẹyọ àmì kan ránṣẹ́ láàárín nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ńdì 167 lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, àmì iná kò rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ lórí bọ́ọ̀dù. Bí wáyà kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, àmì wọn kò ní dé pọ̀. Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan ẹ̀rọ náà, á máa dán RAM wò ní wáyà sí wáyà: á fi àmì ránṣẹ́, á gbọ́ èsì, á sún àkókò síwájú tàbí sẹ́yìn, á tún ránṣẹ́. Iṣẹ́ yìí lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan, pàápàá bí RAM bá pọ̀, ní gbogbo àkókò náà sì ni ojú mọ́nítọ̀ yóò ṣú tí fáànù yóò máa yí.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó gbàgbọ́ nínú ìdájọ́ àtijọ́ máa ṣe. Ó dúró díẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó pa á. Ó tún tàn án, ó tún pa á. Ó yọ káàdì gíráfíìsì, ó dá a padà, ó tún tàn án. Ìgbàkígbà tó bá pa á ni ẹ̀rọ náà ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dí kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́, tó sì ń pè é ní òkú. Bí NEPA bá mú iná láàárín rẹ̀, ohun kan náà ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń gba ẹni tó fẹ́ tan AM5 tuntun nímọ̀ràn pé kó so ó mọ́ UPS tó lágbára, kó tàn án, kó lọ jẹun. Bí iṣẹ́ náà bá ti parí lẹ́ẹ̀kan, mọ́dábọ́ọ̀dù lè fi èsì rẹ̀ pamọ́, kí ìgbà tó ń bọ̀ má bàa pẹ́ mọ́.

RAM tún ní ẹ̀sùn tirẹ̀ tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní kí a fi RAM méjì sí, ìkejì sì ni bó bá jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá sì wọlé tán, á dún. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní ìdè lápá kan ṣoṣo, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti wọlé nígbà tí apá kejì ṣì ga díẹ̀. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa níbí tó yẹ kí n mẹ́nu bà: kí wọ́n yọ RAM, kí wọ́n fi rọ́bà ìpàwérẹ́ ọmọ ilé-ìwé ha ẹnu rẹ̀, kí wọ́n dá a padà, kí kọ̀ǹpútà sì tàn lóòótọ́. Rọ́bà gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu RAM, wúrà kì í sì dípẹtà. Yíyọ àti dídápadà ló ṣe iṣẹ́ náà. Lára RAM tòkunbọ̀ tí ìdọ̀tí ti gbá mọ́, rọ́bà lè ranni lọ́wọ́. Lára RAM tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, wúrà nìkan ló ń rí ha.

Ó tún kù àwọn ọ̀ràn tí gbogbo ẹ̀yà ara wà láàyè, tí iná dé ibi gbogbo, tí RAM gbọ́ràn, tí mọ́nítọ̀ sì ṣú síbẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2019 ni Intel ti ń ta àwọn prósẹ́sọ̀ tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn orúkọ wọn, bíi Core i5-12400F, tí kò ní gíráfíìsì nínú. Ryzen 5 5600X náà kò ní. Ṣùgbọ́n ẹnu HDMI ṣì wà lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, torí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù kò mọ prósẹ́sọ̀ tí ẹ máa rà. Ẹni tó bá ki kébù bọ ibẹ̀ lè dúró títí ọdún á fi yípo. Ẹnu ara káàdì gíráfíìsì ló yẹ kó kì í bọ̀, ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ẹnu náà ti dùbúlẹ̀. Kódà bí prósẹ́sọ̀ bá ní gíráfíìsì tirẹ̀, bí káàdì bá ti wà, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù máa ń gbé àwòrán gba ọ̀dọ̀ káàdì.

Ti BIOS ló dára jù fún ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn pé kọ̀ǹpútà tí gbogbo ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè má gbé àwòrán jáde. Ní oṣù kejì ọdún 2018, AMD gbé Ryzen 3 2200G àti Ryzen 5 2400G jáde fún ihò AM4, tí àwọn bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti wà lọ́jà ṣáájú. Prósẹ́sọ̀ náà wọ ihò wẹ́kú, ṣùgbọ́n BIOS inú àwọn bọ́ọ̀dù tó ti wà lórí igbá kò mọ̀ ọ́n. Láti ṣe àtúnṣe BIOS, ó gba prósẹ́sọ̀ tí bọ́ọ̀dù mọ̀, oníbàárà kò sì ní in. AMD wá gbà láti máa yá àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní prósẹ́sọ̀ àgbà kan, kí wọ́n fi tún BIOS wọn ṣe, kí wọ́n sì dá a padà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe prósẹ́sọ̀ kì í yáni ní prósẹ́sọ̀ bó bá jẹ́ pé mọ́nítọ̀ ló bàjẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì kan lẹ́yìn tó ń ka BIOS tuntun láti inú fíláàṣì USB láìsí prósẹ́sọ̀ tàbí RAM lórí rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń bi kọ̀ǹpútà léèrè ibi tó dé? Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tuntun, iná kéékèèké mẹ́rin wà tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á máa tàn tẹ̀ léra, èyí tó bá tàn tí kò kú mọ́ ni ibi tí iṣẹ́ dúró sí. Àwọn bọ́ọ̀dù olówó ńlá ní nọ́ńbà méjì tó ń yípadà. Ogún ìgbà BIOS ni, torí ó ti pẹ́ tí BIOS ti ń kọ nọ́ńbà ibi tó dé sí ojú kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tì 80. Kì í ṣe pé ẹnu àwọn iná yìí kò ṣeé ṣì gbọ́. DRAM tó ń tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan lórí AM5 tuntun lè jẹ́ iṣẹ́ ìdánwò tí mo ti sọ, VGA tó ń tàn sì lè jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ F ni ẹ rà láìra káàdì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ju fáànù lọ.

Bí bọ́ọ̀dù kò bá ní irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ tú u kúrò nínú késìǹgì, ẹ gbé e lé orí páálí tó bá wá. Prósẹ́sọ̀ àti fáànù rẹ̀, RAM ẹyọ kan ní ihò kejì, kébù oníhò 24, kébù prósẹ́sọ̀, àti káàdì bí prósẹ́sọ̀ kò bá ní gíráfíìsì: ó parí. Ẹ fi ẹnu sikurudíráfà kan píìnì méjì tí bọ́tìnnì ń wọ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tàn níbẹ̀ tí kì í tàn nínú késìǹgì, ẹ wá ìdúró irin kékeré tó wà níbi tí kò sí ihò skrúù lórí bọ́ọ̀dù, tó ń kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́nítọ̀ jẹ̀bi lóòótọ́, ọ̀nà kan wà tí kò gba owó. Ẹ so kíbọ́ọ̀dù tó ní iná mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ dúró fún ìwọ̀n àkókò tó yẹ, kí ẹ tẹ Num Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ti kọjá prósẹ́sọ̀, ó ti kọjá RAM, ó ń gbọ́ yín. Ìgbà yìí ni ẹ̀sùn kan mọ́nítọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo bóyá HDMI ló ń retí nígbà tí kébù yín wà lẹ́nu DisplayPort, ẹ gbé kébù lọ sí ẹnu mìíràn lára káàdì, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Bí iná Num Lock kò bá sì mira, ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀, kí ẹ padà sí igun òkè lápá òsì bọ́ọ̀dù lọ wo kébù oníhò mẹ́jọ.